Ikọ́ oṣù mẹ́rin tí mi ò sọ fún dókítà

Ó ti lé lọ́dún mẹ́fà tí mo ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, àmọ́ kí n má parọ́, èṣí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń lọ rí dókítà. Tẹ́lẹ̀, màá jí láago márùn-ún, màá gun ọ̀kadà láti Ọ̀dá Road, màá gba nọ́ńbà, màá jókòó títí aago mọ́kànlá, tí wọ́n bá wá pè mí wọlé dókítà á ní "Màmá, ṣé kò sí wàhálà?" èmi náà á ní "kò sí sà, a dúpẹ́," á tún oògùn kọ, ó parí. Ìgbà tí mo bá dé ẹnu géètì ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá sí mi lọ́kàn.

Ikọ́ ló là mí lójú. Ikọ́ gbígbẹ, kò ní kẹ̀lẹ̀bẹ̀, òru ló máa ń le jù, ọkọ mi ò rí oorun sùn. Mo mu oyin, mo jẹ orógbó, àwọn kan tiẹ̀ ní ayé ló ń ṣe mí. Oṣù mẹ́rin o! Mo sì lọ rí dókítà lẹ́ẹ̀mejì láàárín ẹ̀, mi ò dárúkọ ikọ́, mo rò pé ọ̀rọ̀ BP nìkan ló kàn án.

Àbúrò mi tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ló pariwo mọ́ mi, "Àǹtí mi, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ jàre!" Bí mo ṣe ra ìwé kékeré kan nìyẹn. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ń yẹ BP wò láàárọ̀ àti lálẹ́, màá kọ́kọ́ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, màá fẹ̀yìn ti àga, mi ò ní sọ̀rọ̀ (ìyẹn gan-an ló nira fún mi). Mo kọ ìbéèrè mẹ́ta péré, ikọ́ ló ṣáájú. Mo wá kó gbogbo oògùn sínú náílọ́ọ̀nù, tòun ti àgbo tí mò ń rà ní Ọjà Ọba àti oògùn ara ríro ti kẹ́mísíìtì, ojú tiẹ̀ ń tì mí.

Bí mo ṣe wọlé, kó tó mú báírò, mo ní "Ẹ jọ̀ọ́ sà, nǹkan mẹ́ta ni mo bá wá." Ó da náílọ́ọ̀nù sórí tábìlì, ó mú lisinopril, ọ̀kan nínú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi, ó ní ìgbà wo ni mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Mo ṣí ìwé: oṣù márùn-ún. Ó ní òun ló ń fa ikọ́ yẹn, ó máa ń ṣe àwọn kan bẹ́ẹ̀, ló bá yí i sí losartan, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mìíràn. (Ẹ má lọ dá tiyín dúró fúnra yín o.) Ó ya diclofenac, oògùn ara ríro yẹn, sọ́tọ̀, ó ní ó máa ń gbé BP sókè, ó sì lè ba kídìnrín jẹ́. Àgbo náà, ó ní kí n fi sílẹ̀ ná, a ò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀.

Kí n tó dìde, mo tún gbogbo ẹ̀ kà fún un, àfi bó ṣe ní rárá, ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ ni, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì tí mo kọ.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ikọ́ náà tó lọ pátápátá. Ọkọ mi ti wá ń sùn dáadáa báyìí, ó ń hanrun, èmi ni mi ò rí oorun sùn mọ́.