Bí A Ṣe Ń Yẹ Mónítọ̀ Tí Dókítà Fi Ń Ka X-ray Wò

Mónítọ̀ X-ray kì í sábà kú lójijì. Iná ẹ̀yìn rẹ̀ ló máa ń rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì ti máa ń mọ́ ojú lára kí ẹnikẹ́ni tó fura.

Kọ́kọ́ tàn án kalẹ̀ fún 30 ìṣẹ́jú. Bí wọ́n bá gba iná láàárín kan, tí UPS kò sì gbé e, tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀. Aṣọ múlọ́múlọ́ tó rin díẹ̀ ni kí o fi nù ún, pàápàá lásìkò ọyẹ́ tí eruku Ìbàdàn ń wọ ibi gbogbo. Má fọ́n omi sí ojú rẹ̀, má sì lo oògùn ìnugíláàsì tó ní ammonia.

Lẹ́yìn èyí, ṣí TG18-QC, àwòrán ìdánwò tí a fi ń yẹ mónítọ̀ wò, nínú ètò tí àwọn dókítà fi ń ka fọ́tò gan-an. Fi í sí ìwọ̀n rẹ̀ gangan. Bí o bá sọ ọ́ di ńlá tàbí kékeré, àwọn ìlà wẹ́wẹ́ rẹ̀ á tàn ọ́ jẹ. Wá àpótí kékeré 5% nínú dúdú, àti 95% nínú funfun. Méjèèjì gbọ́dọ̀ hàn. Ka iye lẹ́tà QUALITY CONTROL tí o rí ní apá dúdú, apá àárín àti apá funfun, kí o kọ ọ́ sílẹ̀. Bí iye náà bá dín sí ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, nǹkan ti yí padà.

Bí 5% kò bá hàn, ọ̀pọ̀ a sáré tẹ bọ́tìnnì ìmọ́lẹ̀. Má dán an wò! Ìyẹn á ba ìṣètò DICOM jẹ́, ìyẹn ìlànà tó ń mú kí dúdú àti funfun hàn bákan náà lórí gbogbo mónítọ̀. Kọ́tìnnì ni kí o kọ́kọ́ fà, nítorí oòrùn ọ̀sán tó ń gba fèrèsé wọlé ló sábà máa ń bo ibi dúdú. Ìmọ́lẹ̀ yàrá kò gbọdọ̀ ju 50 lux (òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ́ sára nǹkan) lọ.

Lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta, gbé ẹ̀rọ ìwọnmọ́lẹ̀ sí i. Funfun gbọ́dọ̀ tó 350 cd/m² (òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde láti ojú mónítọ̀), 420 fún mónítọ̀ tí a fi ń ka X-ray ọmú, kí ó sì fi ìlọ́po 250 ó kéré tán ju dúdú lọ. Wọn àárín àti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: yọ èyí tó kéré jù kúrò nínú èyí tó ga jù, sọ ọ́ di ìlọ́po 200, kí o fi àpapọ̀ àwọn méjèèjì pín in. Bí ó bá ju 30 lọ, ojú rẹ̀ kò dọ́gba mọ́.

Èyí tí kò bá dé 350 lẹ́yìn tí a tún un ṣètò, gbé e fún akọ̀wé kó máa fi ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì. Kó má padà sí yàrá dókítà.