Kọ́kọ́rọ́ Ọkọ̀ Háyà Pọ́ọ̀ṣì Tó Sọnù: Bí Ẹ Ṣe Máa Ṣe É

Iṣẹ́ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ni mò ń ṣe ní Sábó, Ìkòròdú. Àwọn tó ń wá mi jù ni àwọn awakọ̀ tó ń wa ọkọ̀ háyà pọ́ọ̀ṣì: ọkọ̀ ò tíì di tiwọn, délífárì, ìyẹn owó tí wọ́n ń san fún ọlọ́kọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ọkọ̀ á fi di tiwọn, sì ń dúró dè wọ́n lópin ọ̀sẹ̀. Àwọn gan-an ni mo ń kọ èyí fún. Tí ọkọ̀ bá jẹ́ tara ẹni, ìnáwó lásán ni kọ́kọ́rọ́ tó sọnù. Tó bá jẹ́ ti ẹlòmíràn, ó lè di ìjà, ó lè di ẹ̀sùn olè, wọ́n sì lè tìtorí ẹ̀ gba ọkọ̀ lọ́wọ́ èèyàn.

Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé ó sọnù lóòótọ́. Tó bá jẹ́ inú ọkọ̀ ló wà tí ilẹ̀kùn wá tì, ẹ má fọ́ gíláàsì o. Rọ́bà onífẹ́fẹ́ la máa ń fi la etí ilẹ̀kùn díẹ̀, ká wá ti irin gígùn wọlé láti fi ṣí i. Gíláàsì á wà bó ṣe wà. Tó bá sì jẹ́ ọkọ̀ tó ń fi bọ́tìnnì tan, tó ń ṣe bíi pé kò mọ rìmóòtù mọ́, ó lè jẹ́ bátìrì inú rìmóòtù ló kú. Ẹ tẹ bíréèkì, ẹ fi rìmóòtù náà kan bọ́tìnnì, kí ẹ wá tẹ bọ́tìnnì ọ̀hún. Ọ̀pọ̀ Toyota ló máa tan bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ inú ọ̀sà ni kọ́kọ́rọ́ já sí ní ẹ̀bútè Ìpakòdo, ẹ má rán ẹnikẹ́ni wọ omi nítorí rẹ̀. Ó ti lọ nìyẹn.

Tó bá ti dájú, ọlọ́kọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ pè, kí ẹ tó pe èmi tàbí ẹlòmíràn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù máa ń ba awakọ̀ láti pe ọ̀gá. Ó fẹ́ kọ́kọ́ tún un ṣe kó tó sọ. Àmọ́ ọ̀dọ̀ ọlọ́kọ̀ ni kọ́kọ́rọ́ kejì lè wà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìwé ọkọ̀ wà, òun náà ló sì lè fi tírákà wo ibi tí ọkọ̀ wà kó sì pa ẹ́ńjìnnì tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ gbé e lọ. Ẹ má ṣe àlàyé rẹpẹtẹ. Ẹ sọ pé: “Ẹ káàsán sà. Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀kan ní ọjà Sábó. Ọkọ̀ wà níbi tí mo páàkì ẹ̀ sí, nǹkan kan ò ṣe é, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ni mo dúró sí. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé kọ́kọ́rọ́ kejì wà lọ́wọ́ yín?” Lẹ́yìn náà, kí ẹ kọ ohun kan náà ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp, kí aago àti ọjọ́ lè wà níbẹ̀.

Ìdí mìíràn tí ọlọ́kọ̀ fi gbọ́dọ̀ mọ̀ ni pé èmi ò ní ṣe kọ́kọ́rọ́ fún ẹni tí orúkọ rẹ̀ ò sí nínú ìwé ọkọ̀, àfi tí mo bá gbọ́ ohùn ẹni tó ni ín, tí mo sì rí ìwé. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe kọ́kọ́rọ́ fún yín láìbéèrè ohunkóhun, irú rẹ̀ náà ló ń ṣe é fún olè. Ẹ sá fún un.

Ẹ má fi ọkọ̀ sílẹ̀ síbi tí kò yẹ kó sùn. Tó bá wà létí títì ńlá, LASTMA, àwọn tó ń bójú tó ìrìnnà ọkọ̀ ní Èkó, lè wọ́ ọ lọ, ẹ ó sì fi owó kún owó. Àmọ́ kò rọrùn láti tì í. Tó bá jẹ́ ọ̀tọ́, ìyẹn ọkọ̀ tó ń yí gíá fúnra rẹ̀, gíá ti há sí P, ibi tí wọ́n ń páàkì ẹ̀ sí. Nínú ọ̀pọ̀ Toyota, ìdérí kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíá; tí wọ́n bá ti ṣí ilẹ̀kùn fún yín, tí ẹ yọ ìdérí yẹn, tí ẹ fi ṣúkúrúdíréfà tẹ inú ihò rẹ̀, ẹ lè fa gíá sí N, kí táyà lè yí. Síbẹ̀ sítíárìn ṣì lè tì, ìyẹn ni pé ibi tí táyà iwájú bá kọjú sí nìkan ni ọkọ̀ máa lè lọ. Tó bá di dandan kí wọ́n wọ́ ọ, kí wọ́n gbé táyà iwájú sókè. Táyà iwájú ni ọkọ̀ bíi Corolla fi ń fà; tí wọ́n bá wọ́ ọ pẹ̀lú táyà iwájú nílẹ̀, gíábọ́ọ̀sì lè bàjẹ́, owó ìyẹn á sì ju owó kọ́kọ́rọ́ lọ fíìfíì.

Ẹ lọ sí tẹ́ṣàn ọlọ́pàá tó sún mọ́ ibi tó ti sọnù, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì búra àfidáfítì ní kóòtù. Ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí ọlọ́kọ̀. Tí ẹnikẹ́ni bá fi kọ́kọ́rọ́ yẹn ṣiṣẹ́ ibi lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ìwé yẹn ló máa sọ pé ẹ ti ké síta.

Ní ti owó, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí ẹ ń sanwó fún, torí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé irin lásán là ń gé. Nínú orí kọ́kọ́rọ́, ṣíìpù kékeré kan wà tí kì í lo bátìrì. Tí ẹ bá ki kọ́kọ́rọ́ bọ ojú rẹ̀, wáyà roboto tó yí ojú náà ká ló ń fún ṣíìpù ní agbára, ṣíìpù á wá sọ nọ́ńbà rẹ̀ fún bréènbọ́ọ̀sì, ìyẹn kọ̀ǹpútà ọkọ̀. Tí bréènbọ́ọ̀sì ò bá mọ nọ́ńbà náà, ẹ́ńjìnnì lè máa yí, kò ní tan. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2007 ni ìjọba Kánádà ti sọ ọ́ di dandan kí ọkọ̀ tuntun tí wọ́n ń tà níbẹ̀ ní irú ààbò yìí. Nítorí náà, tí tòkunbọ̀ yín bá jẹ́ ti Kánádà láti ìgbà yẹn, ẹ má fi owó yín ṣòfò lórí irin tí wọ́n gé láìní ṣíìpù. Á ṣí ilẹ̀kùn, kò ní tan ẹ́ńjìnnì.

Ẹ wo kọ́kọ́rọ́ Toyota dáadáa níbi tí irin ti wọ inú orí rẹ̀. Ẹ lè rí àmì tóótó kan, tàbí lẹ́tà G, tàbí H. Irú ṣíìpù tó wà nínú rẹ̀ ni àmì yẹn ń sọ. Ẹ̀yin tí kọ́kọ́rọ́ yín ṣì wà lọ́wọ́, ẹ ya fọ́tò ibẹ̀ lónìí. Fún ẹ̀yin tí tiyín ti sọnù, ẹ dúró níwájú gíláàsì, ẹ wo igun dáṣíbọọ̀dù lápá dírẹ́bà: nọ́ńbà ṣásì wà níbẹ̀, lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 lápapọ̀. Tí ẹ bá fi ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú ọdún ọkọ̀, mo lè mọ ohun tí mo máa gbé dání kí n tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù.

Tí ẹ bá ń ná an, ẹ ní kí wọ́n là á sí wẹ́wẹ́ fún yín: owó kọ́kọ́rọ́ fúnra rẹ̀, owó gígé, owó kíkọ ọ́ sínú bréènbọ́ọ̀sì, owó ọkọ̀ tí a fi máa wá bá yín. Ẹni tó wà ní Ìjẹ̀dẹ̀ tàbí Ìmọ̀tà á san owó ọkọ̀ ju ẹni tó wà nítòsí Sábó lọ, ìyẹn ò burú. Ẹ má sáré lọ ra rìmóòtù àlòkù ní ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ bíi Ládipọ̀ tàbí Owódé Onírin kí ẹ tó béèrè. Rìmóòtù ọkọ̀ oníbọ́tìnnì tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ mìíràn ti mọ ọkọ̀ ti àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ wọn ò sì ní gba tiyín àfi tí wọ́n bá kọ́kọ́ tú u. Ẹ má retí pé ìnṣọ́ránsì tẹ́dìpáátì ló máa san án. Ohun tí ọkọ̀ yín bá ṣe fún ẹlòmíràn ló wà fún.

Ẹ san díẹ̀ sílẹ̀, ẹ san ìyókù lẹ́yìn tí ẹ bá ti dán an wò. Ẹ tan ọkọ̀, ẹ pa á, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́ jáde pátápátá, ẹ tún un tan. Ẹ fi ti gbogbo ilẹ̀kùn, ẹ fi ṣí búùtù. Ẹ gba rìsíìtì tí nọ́ńbà ọkọ̀ wà lórí rẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí jù lẹ́nu iṣẹ́ yìí nìyí: àwọn èèyàn á ṣe kọ́kọ́rọ́ tuntun, wọ́n á fi nọ́ńbà èyí tó sọnù sílẹ̀ nínú bréènbọ́ọ̀sì. Bó bá ṣe wà níbẹ̀, ẹni tó he é ṣì lè tan ọkọ̀ yín. Ẹ ní kí ẹni tó ń ṣe é pa á rẹ́. Ẹ dúró tì í, ẹ wo ojú ẹ̀rọ rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ọkọ̀, iye kọ́kọ́rọ́ tí ọkọ̀ mọ̀ máa ń hàn níbẹ̀. Tí ọlọ́kọ̀ bá ní ọ̀kan lọ́wọ́, kó gbé e wá lọ́jọ́ yẹn, torí nígbà míì gbogbo ti tẹ́lẹ̀ ló máa pa rẹ́, a ó sì ní láti kọ tirẹ̀ padà. Ẹ rántí pé pípa ṣíìpù rẹ́ kò yí ojú kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn padà. Irin tó sọnù ṣì lè ṣí ọkọ̀, nítorí náà ẹ má fi fóònù tàbí owó sílẹ̀ nínú rẹ̀ lálẹ́.

Ta ló máa sanwó? Lójú tèmi, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ sọnù lọ́wọ́ rẹ̀ ló máa san owó ọ̀kan. Ṣùgbọ́n tí ọlọ́kọ̀ bá gbé ọkọ̀ fún yín pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo, ó yẹ kó gbé owó kọ́kọ́rọ́ kejì tí ẹ máa ṣe, torí ọkọ̀ rẹ̀ ló ń dáàbò bò. Ẹ bá a sọ ọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Tí ẹ ò bá lè san lẹ́ẹ̀kan, ẹ jọ fi kún délífárì díẹ̀díẹ̀. Ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ àti ọ̀sẹ̀ tó máa parí, kí ó má di pé wọ́n rọra fi kún owó ọkọ̀. Ẹ bá a sọ̀rọ̀ délífárì ọjọ́ tí ọkọ̀ ò ṣiṣẹ́ náà, kó wà nínú ìwé kan náà.

Tó bá wá ń halẹ̀ pé òun á gba ọkọ̀, ẹ mọ̀ pé òfin háyà pọ́ọ̀ṣì ti wà láti ọdún 1965. Tí ẹ bá ti san ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún owó ọkọ̀, kò lè dédé gbà á fúnra rẹ̀, àfi kó gba kóòtù. Ọkọ̀ mílíọ̀nù márùn-ún tí ẹ ti san mílíọ̀nù mẹ́ta lórí rẹ̀ ti dé ibẹ̀. Rìsíìtì délífárì yín ni ẹ̀rí, ẹ má sọ wọ́n nù.

Ọjọ́ tí ẹ bá ń ṣe tuntun, ẹ ṣe méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí kò bá sí ìkankan, mo ní láti ka eyín láti ojú kọ́kọ́rọ́, kí n gé e, kí n wá fi ẹ̀rọ bá bréènbọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Lára àwọn Toyota àtijọ́, a tiẹ̀ lè ní láti tú bréènbọ́ọ̀sì sílẹ̀. Tí ọ̀kan bá wà, iṣẹ́ díẹ̀ ni láti fi ìkejì kún un, owó rẹ̀ ò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́. Kí ìkejì má wà nínú àpò kan náà pẹ̀lú àkọ́kọ́. Kó wà lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀, tàbí nílé lọ́dọ̀ ẹni tó máa ń gbé fóònù.

Tí èyí tó sọnù bá padà yọjú, ẹ má jù ú nù. Ẹ gbé e wá. Ní ọ̀pọ̀ ọkọ̀, a lè kọ ọ́ padà sínú ọkọ̀ kan náà, á sì di kọ́kọ́rọ́ kẹta.