Ọtí ọkà bàbà nínú àpò: ohun tí ẹlẹ́rọ èlùbọ́ fojú mi rí

Owó ọkà bàbà kò dùn mí. Owó gáàsì ló dùn mí, torí kò yẹ kí n jó tó ìdajì ohun tí mo jó, ẹlẹ́rọ kan tó ń lọ èlùbọ́ níbí ní Ọ̀fà ló sì fà á.

Ọtí ìgò ti wọ́n kọjá ohun tí èèyàn ń rà sílé de àlejò, ni mo bá ní kí n pọn tèmi. Ọ̀nà tí mo tẹ̀ lé ni èyí tí àwọn ará Ọsirélíà sọ di gbajúmọ̀: wọn kì í to ìkòkò mẹ́ta kalẹ̀, inú àpò aṣọ oníhò wínníwínní ni wọ́n ń kó ọkà sí, wọ́n á rì í sínú omi gbígbóná, wọ́n á sì fa àpò yọ tó bá yá. Omi dídùn tó bá kù nínú ìkòkò ló ń di ọtí. Télọ̀ àdúgbò fi aṣọ nẹ́ẹ̀tì rán àpò fún mi, kò tiẹ̀ gba owó púpọ̀.

Ọkà bálì ni àwọn òyìnbó ń lò. Ọkà bàbà ni èmi lò, ojú kò sì tì mí. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fòfin de kíkó mọ́ọ̀tì bálì, ìyẹn bálì tí wọ́n ti mú hù tí wọ́n sì sá gbẹ, wọlé ní 1988, ọkà bàbà àti àgbàdo ni àwọn ilé iṣẹ́ ọtí ńláńlá sá lọ bá, a sì ń mu ún.

Rírẹ ọkà, dída aṣọ tútù bò ó kó lè hù, sísá a sóòrùn, àwọn ìyá wa mọ̀ ọ́n, ẹ bi wọ́n. Ohun kan péré ni mi ò ní fò: tó bá ti gbẹ, ẹ fọwọ́ ra gbòǹgbò àti ọ̀mùnú rẹ̀ dànù, torí májèlé sáyánáìdì wà lára ọkà bàbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù. Ẹ má dà á síbi tí ewúrẹ́ ti lè rí i jẹ. Tèmi hù dọ́gba, ó gbẹ ṣáúṣáú, ó ń dùn lẹ́nu. Mo gbé e kiri ilé kí wọ́n lè wò ó.

Ó wá ku lílọ̀. Ọkà ọtí inú àpò, fífọ́ la ń fọ́ ọ. Kí hóró kan pín sí mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ó ti tó. Mo ṣàlàyé fún bọ̀dá ẹlẹ́rọ. Mo ní kó dẹ ẹ̀rọ rẹ̀ díẹ̀, torí irin pẹlẹbẹ méjì ló ń lọ nǹkan nínú ẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń yí i ló ń sún wọn mọ́ra, ibẹ̀ náà ló ń yà wọ́n. Ó wò mí.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé adìyẹ lẹ fẹ́ fún ni?"

Mo ní rárá.

"Ṣé ẹ fẹ́ fi ro tùwó ni?"

Mo ní rárá. Ó ní ta ló wá ń jẹ ọkà tí kò kúnná. Àwọn ìyá tó gbé èlùbọ́ dúró sẹ́yìn mi bú sẹ́rìn-ín. Hájíà wà láàárín wọn, ìyàwó pásítọ̀ wà láàárín wọn. Ṣé ibẹ̀ ni kí n ti máa pariwo ọtí? Mo kàn tún un sọ pé kó má kúnná. Ó ní òun ti gbọ́. Ó dà á sẹ́nu ẹ̀rọ, ó yí i mọ́lẹ̀ gírígírí, ohun tó jáde rí lẹ́búlẹ́bú bí àtíkè. Ó tún ní kí n dúpẹ́, pé ẹ̀ẹ̀mejì lòun lọ̀ ọ́ kó lè dáa. Ó sì gba owó ẹ̀ẹ̀mejì.

Èèpo bálì le, èèpo yẹn ló ń jẹ́ kí omi rọ́nà gbà nínú àpò. Ọkà bàbà kò ní irú èèpo bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n tún wá sọ tèmi di ìyẹ̀fun.

Síbẹ̀ mo ṣe gbogbo tèmi pé. Ìwọ̀n ooru 65 sí 68 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì tó tó bálì kì í tó ọkà bàbà láti dẹ̀, bẹ́ẹ̀ ooru tó bá ju ìyẹn lọ ń pa agbára tó ń sọ sítáàṣì di ṣúgà. Torí náà mo rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́, mo jẹ́ kó silẹ̀, mo gbọ́n omi orí ẹ̀ sọ́tọ̀, torí inú omi yẹn ni agbára náà ń bọ́ sí. Mo se èyí tó kù kó jinná, mo dúró kó rọlẹ̀ sí 65, mo wá da omi àkọ́kọ́ padà. Nígbà tó ṣe, mo kán áyódìn tí mo rà ní kẹ́mísí sí díẹ̀ nínú ẹ̀, kò dúdú. Sítáàṣì ti di ṣúgà. Inú mi dùn dé ibi tó yẹ kó dùn dé.

Mo wá fa àpò sókè. Kò sí nǹkan tó jáde. Mo so ó mọ́ igi àjà, ó ń kán tó, tó, bí ẹni ń ṣahun. Mi ò lè pa iná, torí omi náà kò gbọdọ̀ tutù kó wá kan. Mo fún àpò, ọwọ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Mo fi ọmọrí ìkòkò tẹ̀ ẹ́, ojú rírán já, ìyẹ̀fun ya padà sínú ìkòkò. Ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Dádì, ẹ dìde ńbẹ̀." Ó mú aṣọ tó fi ń sẹ́ ògì wá, ó ń bù ú díẹ̀díẹ̀, ó ń sẹ́ ẹ, ilẹ̀ ti ṣú kó tó parí. Gáàsì tán kí ohun tó sẹ́ tó hó, igi ìdáná la fi parí ẹ̀.

Ewúro díẹ̀ ni mo fi sí i kó lè korò, yíìsì búrẹ́dì ló bá mi wú u nínú kẹ́ẹ̀gì tí mi ò dé pa. Ọtí náà ṣú, ó kan díẹ̀, ó sì dáa! Àbúrò ìyàwó mi tó ní òun ò ní fẹnu kàn án ló mu èyí tó pọ̀ jù.

Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń lọ oúnjẹ adìyẹ ni mo ń gbé ọkà lọ báyìí. Fífọ́ ni wọ́n ń fọ́ àgbàdo látàárọ̀, wọn kì í bi èèyàn léèrè kankan. Mo tún máa ń po èèpo ìrẹsì mọ́ ọn kí omi lè rọ́nà. Patigi àti Lafiagi ni ìrẹsì ti pọ̀ ní Kwara yìí, ẹni tó bá ń bọ̀ láti ibẹ̀ lè bá yín gbé àpò kan. Ẹ fi omi ṣan èèpo náà dáadáa kẹ́ ẹ tó lò ó, eruku ẹ̀ pọ̀.