Bí Mo Ṣe Kọ́ Erékùṣù Kan Sínú Báàfù ní Ìjẹ̀bú-Òde

Ọmọ kíláàsì mi kan ló dá a sílẹ̀. Jọ́gíráfì ni mò ń kọ́ wọn, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé òkè ayọnáyèéfín lè ti ìsàlẹ̀ òkun yọrí kó di erékùṣù ni. Ó nawọ́ sókè: "Mà, ṣé ẹnikẹ́ni ti rí i rí nígbà tó ń yọ?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, àwọn apẹja ti rí i. Gbogbo kíláàsì pa lọ́lọ́. Ibẹ̀ ni mo ti pinnu pé mi ò ní fi ẹnu lásán kọ́ wọn ní èyí. A máa kọ́ erékùṣù náà fúnra wa, a ó sì lọ bẹ̀ ẹ́ wò.

Surtsey lorúkọ rẹ̀, gúúsù orílẹ̀-èdè Iceland ló wà, nǹkan bíi kìlómítà 32 sí etí ilẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ 14 oṣù kọkànlá ọdún 1963, àwọn apẹja kan rí èéfín dúdú lójú òkun. Wọ́n rò pé ọkọ̀ ẹlòmíì ló ń jó, ni wọ́n bá darí síbẹ̀ bóyá wọ́n á rí èèyàn gbà là. Wọn ò bá ọkọ̀ kankan. Ìsàlẹ̀ omi tó jìn tó mítà 130 ni iná ti ń bú jáde, tó ń ta eérú sókè. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, ilẹ̀ ti yọ. Wọ́n fi Surtr, òmìrán oníná inú ìtàn àtijọ́ wọn, sọ ọ́ lórúkọ.

Yanrìn kò wọ́n mi, àwọn tó ń kọ́lé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwé bù ú fún mi. Eérú ni mo lọ tọrọ lọ́dọ̀ ìyá tó ń yan gàrí lẹ́yìn ilé wa.

"Tíṣà, ṣé ọṣẹ dúdú lẹ fẹ́ sè ni?"

"Rárá o, Ìyá. Ilẹ̀ ni mo fẹ́ fi mọ."

Wọ́n wò mí títí. Nígbà tí mo ṣàlàyé pé mo tún ń wá nǹkan tó kan, èyí tí màá dà lé káún kó lè hó, wọ́n ní kí n gbé abọ́ wá, wọ́n sì bu omi tó ń ro lára àpò ẹ̀gẹ́ fún mi. Gàrí Ìjẹ̀bú kì í kánjú dé orí iná, ẹ̀gẹ́ rẹ̀ ti máa ń kan dáadáa.

Mo dán an wò nílé lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo rọ káún lílọ̀, ṣíbí mẹ́ta, sínú ìgò oògùn ikọ́, mo da omi ẹ̀gẹ́ lé e. Ó hó díẹ̀, ó dé ọrùn ìgò, ó sì rọlẹ̀. Mo tún fún ọsàn wẹ́wẹ́ mẹ́jọ sí òmíràn. Èyí ru ṣùùù, ìfòòfó ya jáde lẹ́nu ìgò, ó ṣàn dé orí tábìlì. Ọsàn wẹ́wẹ́ ni mo mú.

Lọ́jọ́ kejì, mo po yanrìn àti eérú pọ̀, mo mọ ọ́n yí ìgò náà ká láàárín báàfù, a sì bu omi yí i ká. Ó hó, àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́. Mo kìlọ̀ fún wọn pé kò síná nínú tiwa, atẹ́gùn inú káún ló ń tì í jáde. Ní Surtsey, àpáta tó ti yọ́ bí epo gbígbóná ló pàdé omi òkun. Omi di ooru lẹ́ẹ̀kan náà, ó fọ́ àpáta náà túútúú. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ eérú ni ilẹ̀ tó kọ́kọ́ yọ.

Mo wá ní kí ọmọ méjì fi ìdérí ìkòkò fẹ́ omi náà kó di ìgbì. Kò tó ìṣẹ́jú méjì tí etí erékùṣù wa fi wó. Ìgò fì, ó ṣubú, eérú léfòó káàkiri báàfù. Ó dùn mí gan-an, torí mo ti fi wákàtí mélòó kan mọ ọ́n.

Ọmọkùnrin kan tí ìyá rẹ̀ wá láti Ìwòpin, lẹ́bàá ọ̀sà, ló sọ̀rọ̀: "Mà, bí omi ṣe ń ṣe nìyẹn. Ó ń jẹ etí ilẹ̀ tiwa náà."

Òótọ́ ló sọ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì rán mi létí ibi tó yẹ kí n ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1965, erékùṣù kékeré méjì mìíràn yọ nítòsí Surtsey, Syrtlingur àti Jólnir. Eérú lásán ni àwọn méjèèjì, òkun sì gbé wọn mì. Kò sí èyí tó pé ọdún kan nínú wọn. Surtsey ì bá bá wọn lọ. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹrin ọdún 1964, eérú ti dí ojú ihò rẹ̀ mọ́ òkun, omi ò wọlé mọ́, àpáta yíyọ́ wá rọra ń ṣàn borí eérú náà, ó sì gan lé e.

Nítorí náà a tún un mọ. Mo yọ́ àbẹ́là nínú agolo mílíìkì lórí sítóòfù, èmi nìkan ló fọwọ́ kàn án, mo sì rọra dà á láti ẹnu ìgò sísàlẹ̀. Ó kan yanrìn tútù, ó ta wẹ́wẹ́, ó wá funfun díẹ̀díẹ̀ títí ó fi le. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi ẹ̀gbẹ́ kan sílẹ̀ láìbò. Nígbà tí ìgbì dé, ẹ̀gbẹ́ tí àbẹ́là bò dúró gbagidi, èkejì ń yọ̀ wọnú omi. A fi rúlà wọn ìbú rẹ̀: sẹ̀ǹtímítà 24 tẹ́lẹ̀, ó ku 17. Ilẹ̀ Surtsey gan-an tó kìlómítà onígun mẹ́rin 2.7 nígbà tí iná kú lọ́jọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 1967. Òkun ti jẹ nǹkan bí ìlàjì rẹ̀ láti ìgbà náà.

Ó ku ìbẹ̀wò. Kò sẹ́ni tó ń gbé Surtsey, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì nìkan ni wọ́n sì ń gbà láàyè kó débẹ̀. Wọ́n fẹ́ mọ ohun tí afẹ́fẹ́, òkun àti ẹyẹ máa gbé dé ilẹ̀ tí kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀, nítorí náà wọ́n máa ń yẹ aṣọ, bàtà àti báàgì wò kí irúgbìn má bàa tẹ̀ lé èèyàn lọ. Síbẹ̀, tòmátì hù níbẹ̀ nígbà kan: ẹnìkan ló ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ síbẹ̀. Wọ́n hú u dànù. Ọdún 2008 ni UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, kọ ọ́ mọ́ àwọn ogún àgbáyé.

Mo gbé tábìlì sẹ́nu ọ̀nà. Kó tó kan ẹnikẹ́ni láti sún mọ́ báàfù, ó gbọ́dọ̀ da àpò rẹ̀, kó gbọn bàtà rẹ̀. A bá àgbàdo, èèpo ẹ̀gúsí, àti ẹ̀ẹ́mọ́ méje lára ìbọ̀sẹ̀ ọmọ kan ṣoṣo. Wọ́n ń yẹ ara wọn wò láìjẹ́ pé mo sọ fún wọn, wọ́n ń wo ìsàlẹ̀ bàtà ara wọn bíi pé ọkọ̀ ojú omi ń dúró dè wọ́n.

Báàfù náà wà lẹ́yìn kíláàsì di òní. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, nǹkan hù ní ẹ̀gbẹ́ tí àbẹ́là ò bò. Mo bi wọ́n bóyá ká hú u. Wọ́n ní ká kọ́kọ́ mọ ohun tó jẹ́. Ewé méjì ló ní báyìí.