Bí mo ṣe ń fetí ya wúrà àti fàdákà sọ́tọ̀ ní etíkun Margate

Alágbẹ̀dẹ wúrà ni bàbá mi. Bí wọ́n bá gbé owó fàdákà wá bá a, á jù ú sórí òkúta, á tẹ́tí kó tó dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Èmi náà ń fetí wá wúrà àti fàdákà báyìí, ní etíkun Kent nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láàárọ̀ tí mo bá ti iṣẹ́ alẹ́ dé.

Minelab Equinox 800 ni mo ń lò, ẹ̀rọ tó máa ń dún bó bá kan mẹ́táàlì nínú ilẹ̀. Nọ́ńbà tó ń gbé jáde lójú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti -9 dé 40: irin nísàlẹ̀, fàdákà lókè, torí kò sí mẹ́táàlì kankan tí iná mànàmáná ń gbà kọjá tó fàdákà.

Fàdákà ò yọni lẹ́nu. Ohùn rẹ̀ ga, ó mọ́ gaara, ì báà jẹ́ ọ̀tún lẹ ti ju àwo ẹ̀rọ (ìdí rẹ̀ tí à ń fì lókè ilẹ̀) tàbí òsì. Ṣílè 1916 kan tí mo rí ń sún mọ́ 30, kò mì. Owó ìlú yìí tó ṣáájú 1920 ní fàdákà 92.5%, ti 1920 sí 1946 ní ìdajì, láti 1947 kò sí mọ́. Kọ́bọ̀ bàbà ńlá àtijọ́ náà máa ń dún bẹ́ẹ̀, ẹ má sunkún.

Wúrà ni ẹlẹ́tàn. Èyí tí a ń wọ̀ kì í ṣe ògidì, òrùka sì kéré. Tín-ín-rín inú rẹ̀ lè jẹ́ 4 tàbí 5, níbi tí bébà dídán inú páálí sìgá wà. Èyí tó nípọn á bọ́ sí nǹkan bíi 11 sí 15, láàárín àwọn ìṣí agolo. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ òun ń yà wọ́n sọ́tọ̀, ẹ ní kó ta òkun fún yín. Bébà tó ká kò máa ń dún jágajàga, 3, 7, 2; òrùka máa ń dáhùn lójú kan. Ṣùgbọ́n ìṣí agolo náà lè dúró ṣinṣin, torí náà, ẹ wà á. Òrùka mi àkọ́kọ́, 6 ni. Òjò ń rọ̀, mo ti wú bébà mọ́kànlá. Díẹ̀ ló kù kí n kọjá. Mo fi àtàǹpàkò nu iyanrìn inú rẹ̀, mo rí 375: wúrà 37.5%, ìyẹn káráàtì 9.

Irin ńlá tó ti dógùn-ún a máa ṣe bí fàdákà. Ẹ yí ẹsẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, kẹ́ ẹ tún ju àwo náà. Bí ohùn bá já sí ìkùn, tàbí tí ojú ibẹ̀ sún kúrò, irin ni. Ẹ gbé àwo sókè tó ẹsẹ̀ bàtà kan: bó bá ṣì ń pariwo, agolo odidi ni.

Nínú iyanrìn tútù, iyọ̀ máa ń mú ẹ̀rọ sọ ìsọkúsọ. Ẹ yí i sí Beach, ìyẹn ètò tó wà fún etíkun, kẹ́ ẹ dín agbára rẹ̀ kù.

Lórí oko, ẹ gbàyè lọ́wọ́ onílẹ̀. Bí ẹ bá rí owó wúrà tàbí fàdákà méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lójú kan náà, tó ti lé ní 300 ọdún, òfin ìṣúra ti 1996 (Treasure Act) ní kẹ́ ẹ sọ fún kọ́rónà láàárín ọjọ́ 14. Kì í ṣe àìsàn yẹn o, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń wádìí ikú ni.

Ẹ mú àpò ìdọ̀tí dání. Tèmi máa ń kún kí n tó rí ohun tó ń dán.