"Ẹni tí kò bá yé kó wá bá mi": àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwa olùkọ́ yunifásítì

"Ẹ ní ìbéèrè?" Kíláàsì pa lọ́lọ́. Olùkọ́ ká ìwé rẹ̀, ó gbà pé ó ti yé wọn. Mo ṣe irú ẹ̀ fún ọdún mélòó kan. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ mẹ́hẹ kì í sábà mọ ohun tí kò yé e débi tí yóò fi sọ ọ́ di ìbéèrè. Èyí tó mọ̀ ọ́n, ojú ń tì í. Ẹ fún wọn ní ìṣẹ́jú 2 kí oníkálukú kọ ibi tó ti dojú rú fún un sórí abala ìwé kan, láìkọ orúkọ. Ohun tí ẹ máa kà níbẹ̀ á yà yín lẹ́nu.

"Ọ́fíìsì mi ṣí sílẹ̀" náà kò tó. Ẹni tó jẹ́ pé òun ló kọ́kọ́ wọ yunifásítì nínú ẹbí rẹ̀ lè rò pé ẹni tó ṣẹ̀ ni olùkọ́ ń pè sí ọ́fíìsì. Ẹ pè é fúnra yín: "Mú ìbéèrè kẹta dání, wá rí mi lọ́jọ́ Wẹ́sìdé. Ìṣẹ́jú 10 péré ni."

Ẹ má sì dúró de ìdánwò àárín sáà kí ẹ tó mọ ẹni tí ń rì. Iṣẹ́ kékeré kan ní ọ̀sẹ̀ kejì ti tó.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni kí á máa bu omi la iṣẹ́ nítorí àánú. Ní Yunifásítì California ní Berkeley, ní àwọn ọdún 1970, onímọ̀ ìṣirò kan, Uri Treisman, ṣàkíyèsí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú tí calculus, ẹ̀ka ìṣirò kan, ń dà láàmú. Ọ̀lẹ kọ́ ni wọ́n. Wọ́n ń kàwé, àmọ́ oníkálukú ń dá kà á ni, nígbà tí àwọn ìran Ṣáínà ń pé jọ, tí wọ́n ń yẹ iṣẹ́ ara wọn wò. Treisman kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú náà jọ, ó gbé ìṣirò tó le gan-an síwájú wọn kí wọ́n jọ wá ojútùú rẹ̀. Máàkì wọn gòkè.

Ó ku "ẹ lọ kàwé dáadáa". Báwo? Ọ̀pọ̀ ń tún nóòtì kà ṣáá, ó wá ń dà bí ẹni pé ó ti wọlé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n pa ìwé dé níṣojú yín, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rántí, kí wọ́n sì ṣí i wo ohun tí wọ́n fò.