Bí mo ṣe ta ẹrù àlòkù ilé wa létí odò Loire

Ẹ̀yin èèyàn mi, àwọn kan ti ń bi mí pé báwo ni mo ṣe rí ààyè tajà ní vide-grenier, ó yá ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe lọ. La Charité-sur-Loire ni mò ń gbé, ìlú kékeré ni ní ẹkùn Nièvre nílẹ̀ Faransé, àwọn ará ibẹ̀ bíi 5,000 náà ni, tí ẹ bá wọ ọkọ̀ ojú irin ní Paris Bercy tó ń lọ Nevers ẹ máa kàn án lọ́nà. Vide-grenier yìí, ẹ kàn rò ó bíi bẹ́ńdáùn, àmọ́ àwọn ará àdúgbò ló ń kó ohun tí wọn ò lò mọ́ jáde wá tà, ẹgbẹ́ kan nílùú á lọ gbàṣẹ ní mairie, ìyẹn ọ́fíìsì ìjọba ìlú, a ó sì sanwó ààyè fún ẹgbẹ́ yẹn, owó yẹn ni wọ́n fi ń gbọ́ bùkátà ẹgbẹ́.

Fọ́ọ̀mù ni mo kọ́kọ́ lọ gbà. Wọ́n bi mí pé mítà mélòó ni mo fẹ́, mo sanwó ẹ̀, mo wá fi titre de séjour mi hàn, ìyẹn káàdì ìgbélùú tí wọ́n ń fún àwa àjèjì, wọ́n kọ orúkọ, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà ẹ̀ sínú rẹ́jísítà tó máa lọ sí préfecture, ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó ẹkùn wa, tí ọjà bá tú, kí ẹnikẹ́ni má baà fi ibẹ̀ ta ẹrù olè. Ìwé kan tún wà tí mo fọwọ́ sí, ẹ fara balẹ̀ ka ìyẹn o, torí òfin Faransé ní ẹni tí kì í ṣe oníṣòwò ò gbọ́dọ̀ tà ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lọ́dún, ẹrù tara ẹ̀ tó ti lò nìkan ló sì lè tà, ẹ má lọ ra sòkòtò tuntun wá pàtẹ.

Aṣọ ọmọdé, ìkòkò àti kẹ̀kẹ́ àwọn ọmọ ló ń yá. Ìwé, ẹ fi sílé. Látọdún 2000 nìlú yìí ti sọ ara ẹ̀ di ìlú ìwé, ṣọ́ọ̀bù ìwé àlòkù wà káàkiri, ta ló fẹ́ wá ra tiyín?

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí mo débẹ̀, mi ò tíì kó ẹrù tán nínú bọ́ọ̀tù táwọn tó ń ṣòwò antíìkì fi dé, wọ́n ń tan tọ́ọ̀ṣì wo inú báàgì mi! Àwọn yẹn mọ̀ pé ẹrù tó dáa kì í pẹ́ nílẹ̀. Àwọn yòókù jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń nájà, wọ́n á kọ́kọ́ kí yín ní bonjour, tí ẹ ò bá dáhùn oníbàárà ti lọ nìyẹn, lẹ́yìn náà ni wọ́n á ní ṣé ẹ lè ṣe petit geste fáwọn, ìyẹn ni pé kí ẹ dín owó kù díẹ̀, ẹ yọ yúrò kan tàbí méjì, ó parí. Ẹ kó ṣéńjì dání.

Bàbá tó pàtẹ irinṣẹ́ káfíńtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló wá dùn mọ́ mi jù, ó ní odò tí mò ń wò tó rọra ń ṣàn láàárín iyanrìn yìí, ní 1846, 1856 àti 1866 ó kún débi pé ó ba ọ̀pọ̀ ìlú jẹ́, òun náà ló bá mi ṣọ́ ọjà nígbà tí mo lọ ra sọ́séèjì mẹ́gẹ́ẹ̀sì àti ife wáìnì Pouilly kan, ó sì ti ní kí n wá bá àwọn ta pétanque, eré tí wọ́n fi ń ju bọ́ọ̀lù irin.

Arìnrìn-àjò ẹ̀sìn kan náà kọjá, ó ń bọ̀ láti ìlú Vézelay, ó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí Santiago de Compostela ní Sípéènì. Ọ̀nà yẹn gan-an ló jẹ́ kí UNESCO forúkọ ṣọ́ọ̀ṣì Notre-Dame wa sílẹ̀ mọ́ ogún àgbáyé ní 1998, ọdún 1059 làwọn mọ́ǹkì láti ilé ẹ̀sìn Cluny ti tẹ̀dó síbẹ̀. Fìlà òòrùn ló rà lọ́wọ́ mi.

Nígbà tó dìrọ̀lẹ́ kálukú ló palẹ̀ ẹrù ẹ̀ mọ́, ẹ ò gbọ́dọ̀ fi páálí kankan sílẹ̀. Owó tí mo pa ò tó nǹkan, àmọ́ yàrá ilé wa ti fẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ tó ṣètò ọjà náà sì ti ní kí n wá bá àwọn to tábìlì lọ́dún tó ń bọ̀.